Omi Kọ́, Ara Rọ́bà Ni: Ìtàn Omi Àga Oníṣègùn Eyín àti Ọ̀rọ̀-ìṣe Tí A Fi Ń Sọ Ọ́

Ìwé pélébé kan ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Ojú-ewé méjì péré ni, èdè Faransé ni wọ́n fi kọ ọ́, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni láti sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtọ́jú eyín bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú omi tí ó ń gba inú àga aláìsàn kọjá wá sí ẹnu. Wọ́n ní kí èmi àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tí yóò yé ẹni tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Àjàṣẹ́, ní Kétu tàbí ní Ṣábẹ̀ẹ́. Mo pín in fún wọn ní ọjọ́ Ajé, mo rò pé yóò ti tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Nígbà tí iṣẹ́ wọn dé, mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún ni ó kọ gbólóhùn kan náà sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti le jù, pé kí òṣìṣẹ́ «pa kòkòrò inú omi». Gírámà rẹ̀ kò ní àbùkù. Àmì ohùn rẹ̀ pé. Àmọ́ bí mo ṣe ń kà á, mo rí i pé n kò lè sọ bóyá òótọ́ ni, nítorí n kò mọ ibi tí kòkòrò náà ń gbé gan-an. Mo wá lọ ka ìtàn ọ̀rọ̀ náà. Ohun tí mo bá níbẹ̀ ni pé àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ náà àti àwọn tí ó ń lò ó ti ṣe irú àṣìṣe tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ṣe, wọ́n sì wà lẹ́nu rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Ní 1957, oníṣègùn eyín ará Amẹ́ríkà kan, John Borden, mú ẹ̀rọ ìgbẹ́yín kan jáde tí wọ́n ń pè ní Airotor. Kí ó tó dé, ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi tẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, bí ẹni ń tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ. Iná mànàmáná gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹsẹ̀, síbẹ̀ ẹ̀rọ náà kò yára, ẹni tí ó bá jókòó sórí àga a sì máa gbọ́ ìró rẹ̀ dé inú egungun orí. Afẹ́fẹ́ tí wọ́n fún pọ̀ ni ó ń yí Airotor ní tirẹ̀, ó sì ń yí tó ìgbà 300,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Irin tí ó bá ń yí báyìí lára eyín yóò gbóná débi pé ó lè pa ẹran ara tí ó wà láàyè nínú eyín. Nítorí náà, wọ́n ní láti máa fọ́n omi sí i níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń yí. Omi di ara ẹ̀rọ, ara ẹ̀rọ sì di ilé omi.

Bí ẹ bá tún dé ilé ìtọ́jú eyín, ẹ wo àga náà dáadáa. Omi ẹ̀rọ gba inú ògiri wá sí ẹsẹ̀ àga, ó sì pín sí ẹ̀ka ẹ̀ka níbẹ̀: ẹ̀ka kan lọ sí ẹ̀rọ ìgbẹ́yín, ọ̀kan lọ sí ẹnu irin kékeré tí oníṣègùn fi ń fọ́n omi àti afẹ́fẹ́ sí wa lẹ́nu, ọ̀kan lọ sí ibi ife tí a fi ń yọ ẹnu. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ ni ọ̀nà wọ̀nyí. Ihò inú wọn kò ju bíi mìlímítà méjì lọ. Nígbà tí iṣẹ́ bá ń lọ, omi ń kọjá díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ bá dúró, omi dúró pẹ̀lú: ní alẹ́, ní àkókò oúnjẹ ọ̀sán, láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí di àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Inú yàrá tí ó móoru ni ó ń dúró sí.

Ọdún mẹ́fà péré lẹ́yìn Airotor, ní 1963, G. C. Blake tẹ ìwádìí kan jáde nínú British Dental Journal, ìwé àkọsílẹ̀ àwọn oníṣègùn eyín ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ti yẹ omi tí wọ́n ń tọ́jú fún fífọ́n wò, ó sì bá bakitéríà níbẹ̀. Ó sọ ọ́ kedere. Ẹni tí ó bá ka ọdún yẹn yóò rò pé ọ̀rọ̀ tán, pé wọn yóò tún àga ṣe kí ayé ó máa lọ. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ìṣòro kan náà ni wọ́n ṣì ń jíròrò lé lórí. Ìdí rẹ̀ ni mo fẹ́ wá.

Ẹni tí a tọ́ ní ilé tí àmù wà yóò tètè lóye ibi tí mo ń lọ. Ní agbègbè Kétu, níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọmọdé tí kò tíì fọ àmù rí kì í pọ̀. Bí ọmọ bá da omi ìsàlẹ̀ àmù nù, tí ó rọ omi tuntun sí i láìfọ inú rẹ̀, ìyá rẹ̀ kò ní wo omi rárá. Yóò na ọwọ́ sínú àmù, yóò fi ìka ra á lára, yóò sì mọ̀. Ó ń yọ̀. Omi náà lè mọ́ gaara, kí ó má sì rùn, ara àmù ni ẹlẹ́rìí tí ìyá náà ń bi ní ìbéèrè. Ọmọ yóò gba iyanrìn àti kànìnkànìn, yóò tún un fọ̀.

Rọ́bà àga eyín jẹ́ àmù tí ọwọ́ kò lè wọ̀. Ó sì burú ju àmù lọ ní ọ̀nà kan tí a lè fi ìṣirò hàn. Ẹ mú rọ́bà tí ó gùn ní mítà kan, tí ihò rẹ̀ jẹ́ mìlímítà méjì. Omi inú rẹ̀ kò ju mílílítà mẹ́ta àti díẹ̀ lọ, ṣíbí kékeré kan kò ní kún. Ara rọ́bà tí omi díẹ̀ yìí ń kàn tó sẹ̀ǹtímítà 63 níbùú-lóòró. Ní ọ̀rọ̀ mìíràn, mílílítà omi kọ̀ọ̀kan ń kan sẹ̀ǹtímítà 20 níbùú-lóòró. Ẹ wá mú àmù roboto kan, tí ó jẹ́ 40 sẹ̀ǹtímítà láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Yóò gba omi tí ó lé ní lítà 33, mílílítà kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀ kò sì kan ara àmù ju 0.15 sẹ̀ǹtímítà níbùú-lóòró lọ. Omi inú rọ́bà ń fara kan ògiri rẹ̀ ju ti inú àmù lọ ní ìlọ́po tí ó ju 130 lọ. Ohun yòówù tí ó bá ń gbé lára ògiri, kò sí omi tí yóò kọjá níbẹ̀ láì bá a pàdé.

Àwọn onímọ̀ kò kọ́kọ́ wo ògiri. Ẹnu aláìsàn ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí, ìfura náà sì nídìí: bí ẹ̀rọ ìgbẹ́yín bá dúró lójijì, ó lè fa omi ẹnu díẹ̀ padà sínú rọ́bà, kí ó sì tú u sí ẹnu ẹni tí ó kàn. Wọ́n ṣe ìlẹ̀kùn kékeré kan sínú rọ́bà tí yóò jẹ́ kí omi jáde ṣùgbọ́n tí kò ní jẹ́ kí ó padà. Ó dára bẹ́ẹ̀, a sì ṣì nílò rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n ń fi orúkọ pe àwọn bakitéríà tí wọ́n bá nínú omi náà, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn kì í ṣe ọmọ ẹnu. Ọmọ omi ni wọ́n: Pseudomonas, Legionella, àti irú Mycobacterium tí ń gbé inú omi àti ilẹ̀. Wọ́n bá omi ẹ̀rọ wọlé ní ìwọ̀nba tí kò lè ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, wọ́n sì bí sí i nínú àga.

Nípa Legionella, ayé kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n nígbà tí Blake ń kọ̀wé. Ní 1976 ni àwọn ológun tí wọ́n ti fẹ̀yìntì ṣe ìpàdé ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Philadelphia, tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró sì bẹ̀rẹ̀ sí í pa nínú wọn. Ó di ọdún tó tẹ̀ lé e kí àwọn onímọ̀ CDC, àjọ tí ń rí sí ìdènà àrùn ní Amẹ́ríkà, tó kéde bakitéríà tí ó fà á. Orúkọ ẹgbẹ́ àwọn ológun náà ni wọ́n fi sọ ọ́. Omi ni ilé rẹ̀, èémí sì ni ó ń gbà wọ inú ènìyàn, láti inú omi tí ó bá fọ́n ká bí ìrì. Ohun tí ẹ̀rọ ìgbẹ́yín sì ń ṣe ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ nìyẹn, níwájú imú aláìsàn àti imú oníṣègùn.

Ní ti ògiri, ẹnìkan ti rí i tipẹ́, lára eyín pẹ̀lú. Antonie van Leeuwenhoek, oníṣòwò aṣọ ní Delft ní ilẹ̀ Holland, kọ lẹ́tà kan ní 1683 sí ẹgbẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó ti ha nǹkan funfun kúrò láàárín eyín rẹ̀, ó fi dígí tí ó fúnra rẹ̀ ṣe wò ó, ó sì rí ohun ẹlẹ́mìí tí ń rìn nínú rẹ̀. Ó dán ọtí kíkan wò. Nígbà tí ó bá pò ó mọ́ nǹkan funfun náà níta, àwọn ohun ẹlẹ́mìí náà ń kú. Nígbà tí ó bá fi yọ ẹnu, ọ̀pọ̀ kò kú. Ó parí èrò sí pé àwọn tí ó wà níta nìkan ni ọtí kíkan pa, pé kò wọ inú àpapọ̀ náà lọ. Ó ti sọ gbogbo ìṣòro rọ́bà àga eyín ní ọdún 274 kí Airotor tó dé.

Ó di 1978 kí ọ̀rọ̀ náà tó tún di ọ̀rọ̀ gbogbo ènìyàn, nígbà tí William Costerton àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì kọ ọ́ sínú Scientific American pé bakitéríà kì í sábà dá lúwẹ̀ẹ́ nínú omi. Wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ ohun tí ó le: òkúta inú odò, páìpù, eyín. Bí wọ́n bá ti lẹ̀, wọ́n a máa pọ oje kan jáde tí yóò bo gbogbo wọn, wọn a máa bí sí i lábẹ́ rẹ̀, oúnjẹ á máa tọ̀ wọ́n wá nínú omi tí ń kọjá. Láti ìgbà dé ìgbà, díẹ̀ nínú wọn á já bọ́ sínú omi, wọn á lọ wá ibòmíràn tẹ̀dó. Bíófíìmù ni wọ́n ń pe àkójọ yìí ní ilé ẹ̀kọ́. Oògùn tí ó ń pa bakitéríà tí ń lúwẹ̀ẹ́ lójú ẹsẹ̀ lè kọjá lórí èyí tí ó wà lábẹ́ oje, kí ó má sì pa á.

A wá dé ibi tí ọ̀rọ̀-ìṣe ti ṣe pàtàkì. Imọ̀ràn tí wọ́n ń fún àwọn oníṣègùn eyín fún ìgbà pípẹ́ ni pé kí wọ́n jẹ́ kí omi máa ṣàn nù: ìṣẹ́jú bíi mélòó kan ní àárọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, àti ìṣẹ́jú-àáyá 20 sí 30 láàárín aláìsàn kan àti èkejì. Ìmọ̀ràn yìí wà nínú ìwé CDC ti 1993. Kò ṣàì wúlò, nítorí ó ń lé ohun tí ó bá fà padà láti ẹnu ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí àga jáde. Ṣùgbọ́n kò kan ògiri. Ẹni tí ó bá ti dúró létí odò rí mọ ìdí rẹ̀: àárín ni omi ti ń sáré, ní etí bèbè ó ń rọra lọ. Nínú rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́, omi tí ó kan ògiri gan-an kò kúrò lójú kan rárá. Ìwọ̀n bakitéríà nínú omi á dínkù lẹ́yìn tí wọ́n bá jẹ́ kí ó ṣàn, ẹni tí ó ń kà á á sì dunnú. Kí wákàtí díẹ̀ tó kọjá, ògiri á ti fi òmíràn rọ́pò wọn.

Omi inú ìgò náà ṣe irú rẹ̀. Nígbà tí àwọn ènìyàn rí i pé omi ẹ̀rọ ń mú bakitéríà wá, àwọn tí ń ṣe àga bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìgò kọ́ ọ lára, kí oníṣègùn lè máa bu omi tí ó yàn fúnra rẹ̀ sí i. Ọgbọ́n gidi ni, pàápàá ní ìlú tí omi SONEB lè lọ kí ó sì dé láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bu omi tí kò ní bakitéríà kankan sí ìgò, tí ó sì gba inú rọ́bà tí ara rẹ̀ ti ń yọ̀ kọjá, bakitéríà ni yóò ti òdì kejì jáde. Omi rere nínú àmù tí a kò fọ̀ ni.

Ẹ lè bi mí pé, bí ó bá burú tó báyìí, kí ló dé tí gbogbo ẹni tí ó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn eyín kò fi ṣàìsàn? Ìbéèrè tí ó dára ni, òun náà ni ó sì dá gbogbo nǹkan dúró fún ọdún púpọ̀. Ara tí ó le máa ń borí àwọn bakitéríà omi wọ̀nyí láìmọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá bá ara tí kò lágbára pàdé ni wọ́n ń ṣọṣẹ́. Ní 1987, Michael Martin kọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nípa aláìsàn méjì tí jẹjẹrẹ ti sọ ara wọn di ahẹrẹpẹ, tí Pseudomonas láti inú omi àga sì fa ìkójọ ọyún sí ẹnu wọn. Ènìyàn méjì péré ni. Nínú ọ̀rọ̀ ìlera, ènìyàn méjì kì í pariwo.

Ní 1995, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn eyín Amẹ́ríkà, ADA, kéde pé kí ó tó di 2000, omi tí ń jáde láti inú àga kò gbọdọ̀ ní ju 200 bakitéríà lọ nínú mílílítà kan. Ìlérí ńlá ni, nítorí omi àga tí a kò tọ́jú lè ní ju 100,000 lọ. Ní 2003, CDC mú 500 gẹ́gẹ́ bí òpin, ó gbé e lé òdiwọ̀n omi mímu. Èyí tí ó ṣe pàtàkì sí mi jù nínú ìwé 2003 yẹn kì í ṣe òǹkà náà. Ó sọ pé jíjẹ́ kí omi ṣàn ní àárọ̀ kò kan bíófíìmù. Ogójì ọdún gbáko láti ìgbà Blake kí a tó ka gbólóhùn yẹn nínú ìlànà wọn.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà kò dùn ún kọ. Ní oṣù Kejì 2011, obìnrin ẹni ọdún 82 kan kú sí ilé ìwòsàn ní Ítálì, Legionella ni ó pa á. Láàárín ọjọ́ tí ó ti lè kó àrùn náà, ibi tí ó jáde lọ kò ju ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín rẹ̀ lọ. Wọ́n yẹ omi àga wò, wọ́n bá bakitéríà kan náà níbẹ̀, àyẹ̀wò àbùdá sì fi hàn pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ìwé The Lancet tẹ̀ ẹ́ jáde ní 2012. Ní 2015, ní ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, àwọn ọmọdé tí wọ́n tọ́jú gbòǹgbò eyín wàrà wọn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú. Mycobacterium abscessus ni. Omi ẹ̀rọ lásán ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà. Nígbà tí wọ́n ka bakitéríà inú omi àwọn àga ibẹ̀, ó ju 90,000 lọ nínú mílílítà kan. Ogún ọmọ ni ìròyìn CDC kọ́kọ́ kà.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Anaheim ní California, àwọn ọmọ tí ó kàn sì tó bí 70. Wọ́n ṣí egungun ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn kan nínú wọn, wọ́n sì yọ eyín tí yóò dàgbà pẹ̀lú wọn. Wọ́n pàrọ̀ gbogbo ọ̀nà omi ilé ìtọ́jú náà sí tuntun. Nígbà tí wọ́n tún yẹ omi wò ní ìparí ọdún, Mycobacterium ti padà. Mo ti ka ibí yìí ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ. Wọ́n ra àmù tuntun, omi kan náà ni wọ́n ṣì ń rọ sí i.

Kí wá ni ṣíṣe? Àwọn tí wọ́n mọ iṣẹ́ náà ń ṣe é ní ìpele méjì. Wọ́n a kọ́kọ́ lo oògùn líle tí yóò bó ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ara rọ́bà kúrò; lẹ́yìn náà, wọ́n a máa fi oògùn fúyẹ́ sí omi lójoojúmọ́ kí òmíràn má baà tẹ̀dó. Àwọn kan ń lo hydrogen peroxide, àwọn kan ń lo klọrín ní oríṣi kan tàbí òmíràn, àwọn kan ń lo fàdákà tàbí áyódíìnì tí ń yọ́ sínú omi díẹ̀díẹ̀. Javẹ́lì tí a fi ń fọṣọ lè ṣiṣẹ́ náà pẹ̀lú, àmọ́ bí ó bá le jù, yóò jẹ irin inú àga, nítorí náà ìwé ẹni tí ó ṣe àga ni ó ń pàṣẹ. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, wọ́n ní láti máa ka bakitéríà inú omi láti ìgbà dé ìgbà. Omi tí a ń kà yẹn kì í ṣe ọ̀ràn fúnra rẹ̀. Ó dà bí ìka ìyá nínú àmù: ara ògiri ni ó ń bá a sọ̀rọ̀.

Mo padà sí ìwé pélébé wa. Nínú èdè Faransé tí ó wà níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi, ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo, désinfecter, ni ó ń ṣe gbogbo iṣẹ́. Ó lè gba omi ní àbọ̀, ó lè gba rọ́bà ní àbọ̀, ó lè gba àga lódindi. Gbólóhùn tí ó fa ìdààmú mú omi. Yorùbá kò gbà wá láyè bẹ́ẹ̀. A kì í fọ omi. A máa ń sẹ́ ẹ, a máa ń sè é, a máa ń fi álọ́ọ̀mù sí i kí ó lè tòrò. Ohun tí ó ní ara ni à ń fọ̀: aṣọ, àwo, eyín, àmù. A ń ṣan ọwọ́ àti ẹsẹ̀. A lè fọ abọ́ tán kí a fi omi ṣàn án. Bóyá ṣàn yìí àti ṣàn ti odò jẹ́ ọ̀rọ̀ kan tàbí méjì, mo fi ìyẹn sílẹ̀ fún àwọn onímọ̀ ìtumọ̀. Ohun tí ó dá mi lójú ni pé ẹni tí ó bá ṣan abọ́ láìfọ̀ ọ́ mọ̀ pé òun kò tíì fọ abọ́. Fọ̀ ń béèrè ọwọ́ àti ara ohun tí à ń fọ̀. Ṣàn ń béèrè omi nìkan. Lẹ́yìn méjèèjì, ha àti bó tún wà fún ohun tí ó bá ti lẹ̀.

N kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi èyí sọ pé àwọn bàbá wa mọ bíófíìmù. Wọn kò mọ̀ ọ́n, àmù tí a fọ̀ mọ́ tónítóní sì ti fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ní ìgbẹ́ gbuuru, nígbà tí omi odò fúnra rẹ̀ kò dára. Ohun tí mo ń sọ kéré ju ìyẹn lọ. Èdè tí ó ń fi ipá mú atúmọ̀ láti yan ibi tí ọwọ́ yóò kàn, ó ń fi ipá mú un láti béèrè ibẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi yẹra fún ìbéèrè náà nípa lílo pa kòkòrò, tí ó jẹ́ ọ̀rọ̀ redíò àti ọ̀rọ̀ ìpolówó ọṣẹ, tí wọ́n sì so inú omi mọ́ ọn. Bí wọ́n bá ti gbìyànjú láti lo fọ̀, gbólóhùn náà ì bá ti há sí wọn lẹ́nu, wọn ì bá sì ti wá bi mí.

Orúkọ ohun tí ó lẹ̀ mọ́ ògiri náà fún wa ní wàhálà. Ọ̀rẹ́ mi kan ní ẹ̀ka wa ní kí a kọ bíófíìmù kí a lọ sùn, nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni òṣìṣẹ́ yóò bá lára ike oògùn. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ń kọ̀wé sí kò rí bíófíìmù rí, ó sì ti fi ìka kan ìyọ̀ inú àmù. A yan awọ ìyọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù láìfi àmì kankan sí i, awo iyo, ó sì fi ránṣẹ́ sí òṣìṣẹ́ kan kí ó bá wa wò ó. Èsì tí ó wá ni pé: àwo iyọ̀ mélòó ni kí àwọn rà? Láàárín ìyọ̀ àti iyọ̀, ohùn kan péré ni, ìsàlẹ̀ tàbí àárín lórí fáwẹ́lì àkọ́kọ́. N kò ní àpẹẹrẹ tí ó dára ju èyí lọ láti fi kọ́ àwọn ọlọ́dún kìíní. A fi àmì sí gbogbo rẹ̀, a kọ bíófíìmù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀kan, a sì fi àlàyé gbè é.

Bí ó ṣe rí nínú ìwé náà nísinsìnyí nìyí: «Omi nìkan kọ́ ni kòkòrò wà. Wọ́n ti fi ara rọ́bà ṣe ilé, awọ ìyọ̀ ni ó bò wọ́n. Ọwọ́ kò lè dé ibẹ̀, oògùn ni yóò bó wọn kúrò. Bí ẹ bá jẹ́ kí omi ṣàn nù ní àárọ̀ láìlo oògùn, ẹ ṣan rọ́bà ni, ẹ kò tíì fọ̀ ọ́.» Ó gùn ju ti Faransé lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

A mú un lọ fún ìyá kan tí ó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìmọ́tótó ní irú ilé ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Ó kà á sókè, ó tún un kà. Ó ní, «Ẹ ṣé o, Tíṣà. Ti inú rọ́bà ti yé mi. Àmọ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta àti ọjọ́ Àìkú tí a kì í ṣí ńkọ́? Ta ló ń bá wa ṣọ́ ọ?» Ìwé Faransé náà kò sọ nǹkan kan nípa òpin ọ̀sẹ̀. A dá ìbéèrè rẹ̀ padà sọ́dọ̀ àwọn tí ó gbé iṣẹ́ fún wa, àwọn náà sì ti fi ìlà kan kún un fún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti ìlà kan fún àárọ̀ ọjọ́ Ajé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ń túmọ̀ rẹ̀ lọ́wọ́.